Owó Ègé Gíláàsì

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ̀rọ̀ ọkọ àbúrò mi, kí àwọn aláìmọ̀kan tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Obìnrin kan wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi níbi ìfọṣọ lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé Bàbá Onídígí ta tẹ́tẹ́ títí ó fi fi ojú ìyàwó rẹ̀ san gbèsè. Kò mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Mi ò bá a jà. Mo kàn kó aṣọ rẹ̀ fún un láìlọ̀, gbogbo rẹ̀ hunjọ, mo sì ní kó san owó mi.

Kò ta tẹ́tẹ́. Ohun tó ṣe burú ju tẹ́tẹ́ lọ, ó sì tún sàn ju tẹ́tẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú mi kà.

Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló ń gé gíláàsì sí jù, àmọ́ Bàbá Onídígí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Tábìlì gbọọrọ kan ló gba gbogbo àárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé e kí gíláàsì má baà ha. Ọ̀bẹ rẹ̀ kéré, ó ní táyà wínníwínní lẹ́nu. Á tì í bọ kẹrosíìnì, á gbé igi gígùn tó fi ń wọn nǹkan lé orí gíláàsì, á fa ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fi ìka kan abẹ́ rẹ̀, ó ti là sí méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fà á o. Ẹni tó bá padà fà á lẹ́ẹ̀kejì ti ba gíláàsì jẹ́, ó sì ti ba ọ̀bẹ náà jẹ́ pẹ̀lú.

Orí rẹ̀ ló fi ń yangàn jù. Tó bá wọn fèrèsé yín tán, kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀. Kí ẹ tó kí i tán, ó ti ṣírò iye tó máa gbà yín, tòun ti pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ igi àti owó ọkọ̀. Ẹ bá fún un ní bírò, á ní kí ẹ gbé e padà sápò, pé ìwé máa ń sọnù àmọ́ orí òun kò tíì sọnù rí. Àbúrò mi á ní, "Ó ku kó dé ọjọ́ tí ẹ máa gbé e gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù." Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn láti máa wà lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn.

Tí èèyàn bá gé gíláàsì fèrèsé, ègé máa ń ṣẹ́ kù, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn onígíláàsì yòókù ń dà á nù. Òun kò dà á nù. Á fi òkúta pa ẹnu rẹ̀ kó má baà gé ọmọlọ́mọ lọ́wọ́, á sọ ọ́ di férémù kékeré tí àwọn ayàwòrán ń rà. Owó yẹn kì í wọnú owó oúnjẹ. Owó ègé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Bàtà ọmọ wọn àti súwẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà òtútù, owó ègé ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn.

Àbúrò mi, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó ti ń sọ fún mi pé àwọn ọmọ tó wà lápá òsì kíláàsì òun kò sọ̀rọ̀ mọ́, pé bóyá wọ́n ń bẹ̀rù òun. Àfi lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kékeré kan bú sẹ́kún, ó ní, "Tíṣà kì í pè mí mọ́, bí mo bá tiẹ̀ nawọ́." Àṣé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń nawọ́. Àbúrò mi ni kò rí wọn.

Dókítà ojú sọ fún wa pé omi ń pọ̀ jọ nínú ojú rẹ̀, kò rọ́nà jáde, ó sì ń fún iṣan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sí orí pa. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, pé kò sí ẹni tó lè dá a padà. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tó kù á dúró. Kí ó máa kán oògùn sí i ná, kí ó má sì jẹ́ kó pẹ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àbúrò mi kò bẹ̀rù nígbà yẹn. Ó ní, "Èyí tó kù tó mi. Tí mo bá ti lè rí ojú ọmọ tí ọmọ mi máa bí, ó tó mi."

Àsìkò yẹn gan-an ni akọ̀wé báǹkì kan wá fi gíláàsì sí fèrèsé ilé rẹ̀. Òun ló sọ fún Bàbá Onídígí nípa ìpín ilé-iṣẹ́, pé èèyàn lè ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì ńlá, kí òun náà wà lára àwọn tó ni ín. Bàbá Onídígí ní odidi kan rẹ̀ ju agbára òun lọ. Akọ̀wé ní ta ló ní kó ra odidi. Wọ́n ń gé e báyìí, owó búrẹ́dì kan tó láti ra ègé, tí ègé bá sì pé, á di odidi. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ègé báyìí, ara rẹ̀ yá gágá. Akọ̀wé náà fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù fún un, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rà á àti bí wọ́n ṣe ń tà á. Kò pẹ́ tí báǹkì fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ mọ kọ́ńpìnnì tó mú? Àwọn tó ń ṣe gíláàsì ojú fóònù. Ó ní fóònù òun ti já lulẹ̀ láti orí àkàbà, kò sán. Ó ní bí gbogbo fèrèsé bá le tó bẹ́ẹ̀, ebi ni yóò pa òun, nítorí náà kí òun kúkú wà nínú wọn. Gbogbo ìgbà tó bá ta férémù ló ń ra ègé tirẹ̀. Á délé, á ní, "Ìyàwó mi, a ti ní odidi kan." Ó di méjì. Ó di mẹ́ta. Àbúrò mi á na ọwọ́, á ní, "Ẹ gbé e wá kí n bá yín fi í síbi tó tutù."

Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, mo sì sọ. Owó tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn, owó irú kí nìyẹn? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ̀yin tí owó yín ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí." Mi ò bínú. Abẹ́ ìrọ̀rí ló wà lóòótọ́.

Nígbà tó pé méje àti díẹ̀, owó náà tó. Wọ́n lọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà. Owó ìpín náà ń gòkè, Bàbá Onídígí wá ní kí òun má tíì tà á, àfi bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó jí, ó wẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fóònù láti tà á. Bí ẹ bá ní odidi kan jẹ́ igba lánàá, ogún ló jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó pa áàpù náà, ó tún ṣí i. Ogún ni. Ó fi orí rẹ̀ ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é: méje àti díẹ̀ lọ́nà ogún. Kò tó owó bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí. Ojú ìwé kan wà nínú áàpù náà tó ń sọ iye ìpín tí èèyàn ní, àmọ́ kì í ṣí i. Kí ló fẹ́ ṣí i fún? Ó mọ̀ ọ́n lórí.

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ọkọ àbúrò mi sunkún, kò sì ríran rárá. Ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n fi ń kó gíláàsì wá, ó tẹ áàpù náà mọ́lẹ̀ títí ó fi ń gbọ̀n lójú fóònù, ó sì pa á rẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú òun rí i mọ́ láyé. Ẹ sọ fún mi, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù, ta ló ń ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nù? Òun, ẹni tí kì í da ègé nù. Àmọ́ ìtìjú ni. Ìtìjú kì í jẹ́ kí èèyàn wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó lọ sílé lọ́sàn-án, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé owó ti ṣòfò. Àbúrò mi ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sunkún, ó ní, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ fún ọmọ, ẹ má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò ní bú yín lójú mi."

Gbogbo èyí, lẹ́yìn ni mo tó gbọ́ ọ o. Ohun tí àbúrò mi sọ fún èmi nígbà yẹn ni pé dókítà ti yí ọ̀rọ̀ padà, pé oògùn ojú náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ abẹ kò pọn dandan mọ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Mo dúpẹ́. Mo tiẹ̀ jó díẹ̀ láàárín ilé, èmi àgbàlagbà. Ká ní mo mọ̀ ni, màá ti tú ìrọ̀rí mi, màá ti ta ẹ̀rọ ìfọṣọ, màá ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tó mi bí. Ó mọ̀ pé màá ṣe é. Ó sì mọ̀ pé kí n tó ṣe é, màá kọ́kọ́ bú ọkọ òun bí ẹni ń bú olè, torí ó mọ ẹnu mi. Ó wá fi ojú rẹ̀ bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí.

Ojú náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, nígbà tó yá ihò náà dí. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ya òdòdó sórí páálí fún un, ó fọwọ́ pa á, ó ní ó rẹwà. Ọkọ rẹ̀ so aṣọ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, wúlì fún balùwẹ̀, òwú fún yàrá. Ó ń sè, ó ń fọ̀, ó ń di irun rẹ̀. Ó rù kan egungun. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ rere ni. Tí mo bá sọ ọ́ lójú rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ó ń tijú ìyìn ni.

Ọdún yí po kí ọmọ wa, ọmọ àbúrò mi tó wà nílé ọkọ, tó gbé ọmọ tuntun wálé. Àbúrò mi ti jókòó dè wọ́n láti àárọ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó fi ìka wá iwájú orí rẹ̀, ó wá imú, ó wá etí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ó ní, "Ta ló jọ?" Ọmọ wa ní bàbá ọmọ náà ni. Èmi ní ìyá wa tó ti kú ni. Bàbá Onídígí ní ìyàwó òun ló jọ. Àbúrò mi ní, "Ẹ ò tiẹ̀ lè fẹnu kò. Ta ni kí n wá gbà gbọ́?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ síta.

Ọmọ wa ra fóònù tuntun wá fún bàbá rẹ̀ kó lè máa rí fídíò ọmọ. Lọ́jọ́ kejì a jókòó ní pálọ̀, mo ń ká aṣọ ọmọ, ọmọ wa ń bá bàbá rẹ̀ to fóònù náà. Ó ṣí ímeèlì bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn wo nìyí tó ń kọ̀wé sí yín ṣáá pé àwọn san èrè orí ìpín fún yín?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Olè ni wọ́n. Pa á rẹ́."

"Wọn ò jọ olè. Wọ́n mọ orúkọ yín délẹ̀délẹ̀. Kí ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń wọlé síbẹ̀?"

Ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ wa gbé áàpù náà padà sórí fóònù, ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì wọlé. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ lówó báyìí, ẹ ò sọ fún wa? Ìpín mẹ́tàléláàádọ́rin àti díẹ̀ lẹ ní."

Ó ní, "Méje ni. Méje àti díẹ̀."

"Mẹ́tàléláàádọ́rin ni, Bàbá. Ẹ wò ó." Ó padà sẹ́yìn nínú ímeèlì, ó ka èyí tí wọ́n ti kọ ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ tó sunkún lórí àpótí. Kọ́ńpìnnì ní odidi ìpín àwọn ti wọ́n jù, àwọn mẹ̀kúnnù kò lè rà á. Àwọn máa gé odidi kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá. Ẹni tó ní ẹyọ kan á di ẹni tó ní mẹ́wàá, iye owó ẹyọ kan á sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù kọ́bọ̀.

Ọkùnrin tó ń gé gíláàsì láti òwúrọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ta ni wọ́n á gé gíláàsì fún sí mẹ́wàá tí á ní gíláàsì òun ti dín kù?

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní, "Èló ni gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?" Ọmọ wa ṣí i wò, ó sọ iye rẹ̀. Ó tó iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì. Ó tó o, á sì ṣẹ́ kù. Ọmọ wa kò tíì mọ ohun tó ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ti di ọlọ́rọ̀. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wa, láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń jẹ́jọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé dókítà kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà.

Mo dìde láti bú u. Èébú náà ti tò sí ẹnu mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí kì í fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fa ìka lórí iye owó náà lójú fóònù tuntun léraléra. Mo jókòó padà. Mo sunkún àbúrò mi, mo sì sunkún òun náà, ó dùn mí dé egungun.

Ọmọ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Bàbá, ẹ má sọ fún Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Kí ni á fi ṣe?"

Èmi náà bá a sọ ọ́, mi ò ní parọ́. Mo ní kí ó ta ìpín náà jẹ́jẹ́, kí ó ní èrè tuntun lòun rí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ, ẹ jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sinmi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ó ti panu mọ́ fún mi láti ọjọ́ yẹn. Mi ò lè máa jókòó tì í kí n tún ní òmíràn nínú."

Ó wọ yàrá lọ. Àwa méjèèjì tẹ̀ lé e. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá a níkùn jẹ́jẹ́ kó lè sùn. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan bò, kò bẹ̀bẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe gé e, ó sọ iye tó jẹ́, ó sọ pé òun kò ṣí ojú ìwé tó ń sọ iye ìpín wò.

Àbúrò mi ń gbá ọmọ níkùn lọ. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ní ọjọ́ tí mo bi yín bóyá ẹ ti jẹun, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé á pariwo, mo tiẹ̀ fẹ́ kó pariwo. Ó ní, "Owó tó sọnù, bàbá ọmọ mi, ọjọ́ náà gan-an ni mo ti dárí ẹ̀ jì yín. Kò tiẹ̀ le fún mi. Mo ní ẹni tó ń ṣe nǹkan ló ń ṣàṣìṣe. Bí mo bá kọsẹ̀ nínú ilé yìí, màá ní owó ló sọnù, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, màá dìde. Owó tí ò sọnù yìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa dárí ẹ̀ jì yín. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Mo gbọ́." Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò dìde.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọmọ níkùn, ó sì kọjú sí ibi tó rò pé mo wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti sùn?"

Mo wò ó. Ojú ọmọ là sílẹ̀ kedere. Mo ní, "Kò tíì sùn. Ìwọ ló ń wò."